Okùn bẹ́ẹ̀sì mi ti kú pátápátá, èwo ni kí n rà báyìí?

Dépọ̀Bẹ́ẹ̀sì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀gá mi tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì (ta bí a ṣe ń ta á o, kì í ṣe títà lọ́jà 😂). Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn nínú mi látọjọ́ Sunday.

Yamaha olókùn mẹ́rin ni mo ní, Ìbàdàn ni mo wà, mo ti ń lò ó láti bí ọdún mẹ́rin. Okùn tó wà lórí ẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ tí mo ti fi í síbẹ̀. A ń kọrin ìyìn lọ́wọ́ ni soundman bá ń ṣẹ́wọ́ sí mi láti ẹ̀yìn pé òun ò gbọ́ mi, mo yí volume sókè, kàkà kó dáa ńṣe ló ń dún gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán nílé kejì, o ò lè mọ̀ bóyá E ni mo tẹ̀ àbí F, èmi sì mọ ohun tí mo tẹ̀ o. Nígbà tá a parí, màmá kan nínú kúáyà wá bi mí pé "Dépọ̀, ṣé ara ẹ ò yá ni, a ò gbọ́ ẹ lónìí." Ó dùn mí.

Mo bá gbé fóònù kí n wo okùn tí mo lè rà, orí mi wá dàrú. Roundwound, flatwound, half round, nickel, stainless, coated, 40, 45, 50, 100, 105... Owó ọwọ́ mi ò lè ra ju páálí kan ṣoṣo lọ, mi ò sì fẹ́ rà á tán kí n tún máa jẹ̀ka àbámọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta jù, orin jùjú ló pọ̀ nínú ìyìn wa, Saturday míì a máa ń lọ òde àríyá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ slap (kéèyàn máa fi àtàǹpàkò gbá okùn), kò tíì dáa lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi sì máa ń làágùn gan-an, ẹ rò ó mọ́ ọn. Ẹ má kàn da orúkọ sílẹ̀ fún mi, ẹ sọ ìdí.


OkùnMẹ́rin:

Àbúrò mi, kò le tó bó o ṣe ń wò ó. Gbogbo orúkọ tó o kà yẹn, nǹkan mẹ́ta péré ni wọ́n ń sọ: bí wọ́n ṣe wé okùn, irin tí wọ́n fi wé e (nickel tàbí stainless), àti bó ṣe ki tó. Wáyà irin kan ló máa ń wà láàrin okùn bí egungun, òun ni wọ́n á wé wáyà míì yí ká. Tí wáyà ìta yẹn bá rí róbótó, roundwound nìyẹn, fi èékánná wọ́ ọ lẹ́yìn, á dún ṣíríríí. Tó bá jẹ́ pé pẹlẹbẹ ni wáyà yẹn, bíi rìbọ́nnì, flatwound ni, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Half round wà láàrin méjèèjì, róbótó ni wọ́n kọ́kọ́ wé e, wọ́n wá fi ẹ̀rọ ha ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè dán. Ó tún ku èyí tí wọ́n fi nylon dúdú wé, ìyẹn ò kàn ẹ́ báyìí.

Nọ́ḿbà tó o rí yẹn, ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì ni. 45 túmọ̀ sí pé okùn G, tó tín-ín-rín jù, ki tó 0.045 íńṣì, 105 sì ni E, tó ki jù. Nọ́ḿbà ńlá, okùn le, ìka á ṣiṣẹ́. Nọ́ḿbà kékeré, okùn rọ̀, ṣùgbọ́n tó o bá fi agbára fà á á máa gbá fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá).

Fún ìwọ, nickel roundwound, 45 sí 105, parí. D'Addario EXL165 nìyẹn, tàbí Ernie Ball tó jọ ọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ní ṣọ́ọ̀ṣì tí dúrọ́ọ̀mù, kọ́ńgà, gángan àti kíbọ́ọ̀dì méjì ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, o nílò okùn tí ohùn ẹ̀ máa yọ. Nickel á yọ, kò sì ní máa ké bíi stainless.

Ohun kan ṣá. Bi oníkíbọ́ọ̀dì yín bóyá ọwọ́ òsì ẹ̀, tó ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti bẹ́ẹ̀sì, ń sinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti kúrò, ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dì ló ń jẹ oúnjẹ mi lójoojúmọ́, mo pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé okùn ò ṣẹ̀.


BàbáJùjú:

Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, ohùn ṣíín ṣíín lẹ ń wá kiri. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé nígbà tí Fender gbé gìtá bẹ́ẹ̀sì wọn tí wọ́n ń pè ní Precision jáde ní 1951, flatwound ló wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1966 ni John Entwistle tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fún ẹgbẹ́ olórin The Who lọ bá Rotosound tó ń ṣe okùn ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n jọ ṣe roundwound tó wá gba ayé kan. Kó tó dìgbà yẹn ńkọ́, ṣé èèyàn ò jó?

Ẹ wo James Jamerson tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fún Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ní Detroit. Precision kan, flatwound La Bella tó ki, 52 sí 110, ìka kan péré ló fi ń fà á. Wọ́n ní kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já! Fóòmù sì wà lábẹ́ irin tó bo bridge ẹ̀ (ibi tí wọ́n so ìdí okùn mọ́ lára gìtá), òun ló ń mú kí ohùn gé dùùm, dùùm, kó má máa fà gbọọrọ. Ọkùnrin yẹn kú ní 1983, títí dòní wọ́n ṣì ń wá ohùn ẹ̀ kiri.

Wàá tiẹ̀ ní jùjú lò ń ta. Nínú jùjú, ta ló ń sọ̀rọ̀? Gángan ló ń sọ̀rọ̀. Tí gángan bá ń pe oríkì ẹni tó ń náwó, tí okùn tìẹ náà ń han ṣíín ṣíín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta la fẹ́ gbọ́? Bẹ́ẹ̀sì ni ilẹ̀ tí gángan ń rìn lórí ẹ̀. Ra flatwound, ọmọ mi, o lè lò ó ọdún márùn-ún. Tèmi ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ọmọ mi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti gboyè ní yunifásítì báyìí.


Ará_Peckham:

Bàbá ẹ kú iṣẹ́ o, mi ò jiyàn ìtàn, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ó sọ pé òun ń kọ́ slap, flatwound àti slap ò jọ ń gbé, bíi kéèyàn fi bàtà rọ́bà jó tap ni. Èmi, Rotosound 66 yẹn gan-an ni mò ń lò, 45-65-80-105, stainless, Sevenoaks ní Kent ni wọ́n ti ń ṣe é, kò jìnnà sí mi rárá. Ọjọ́ tó o bá fi tuntun sí i ohùn ẹ̀ á mú ṣáṣá bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, bí dùrù ló ń dún nísàlẹ̀. Àléébù ẹ̀: ó ha lọ́wọ́ bíi páálí ìyanrìn, ó sì ń jẹ fret díẹ̀díẹ̀ ju nickel lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ó kí n tó lọ tún fret àkọ́kọ́ mẹ́rin ṣe.

Fún ọwọ́ tó ń làágùn, tówó bá wà, okùn tí wọ́n fi nǹkan bò (coated yẹn) bíi Elixir ló máa ń pẹ́ jù. Òógùn ò ní ráyè wọ àárín wáyà. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ tó ìlọ́po méjì nickel, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀.


BàbáJùjú:

Bàtà rọ́bà kẹ̀ 😂 o ṣé. Ṣé slap la máa fi yin Ọlọ́run ni?


ÀǹtíOnígìtá:

Dépọ̀, kó o tó ná kọ́bọ̀ kan, dúró ná. Èmi tún gìtá ṣe ni mo ń jẹ, Mushin ni mo wà, mo sì ń rí ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Àkọ́kọ́, ṣé okùn ẹ kú lóòótọ́? Tẹ fret 12 lórí okùn kọ̀ọ̀kan, wò ó lórí tuner (ẹ̀rọ tó ń sọ bí ohùn ṣe ga tó). Wá fi ìka kàn án fẹ́rẹ́ níbẹ̀ kan náà láì tẹ̀ ẹ́, kí ohùn kékeré yẹn jáde, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí méjèèjì ò bá mu, tó o sì mọ̀ pé wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀, okùn ẹ ti kún fún ìdọ̀tí. Òógùn, ọ̀rá ara, awọ ìka tó ń bó, àárín wáyà ni gbogbo ẹ̀ ń kó sí, ibì kan á wúwo ju ibì kan lọ, okùn ò sì ní lè gbọ̀n dọ́gba mọ́. Ìyẹn ni "gbì gbì" tó ò ń gbọ́. Iyọ̀ inú òógùn ló wá ń mú kó dípẹtà.

Ìdọ̀tí yẹn sì ṣeé fọ̀. Àwọn kan máa ń se okùn nínú omi gbígbóná, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni, omi tó bá kù nínú ẹ̀ á sì ṣe é níjàǹbá. Spírítì ló dáa jù. Ra èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ká okùn roboto sínú ike tó ní ìdérí, da spírítì bò ó, jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, fi aṣọ nù ún gbẹ dáadáa. Jìnnà sí síítóòfù àti àbẹ́là o, spírítì ò mọ ojú ẹnikẹ́ni! Roundwound nìkan ni mò ń bá wí, ẹni tó fi flatwound síbẹ̀ ò fẹ́ kí ohùn mú tẹ́lẹ̀.

Èkejì, wọn ìwọ̀n okùn tó wà níbẹ̀ báyìí kó o tó yàn. Èyí ni kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Okùn mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀sì olóíńṣì 34 (gígùn ibi tí okùn ti ń gbọ̀n nìyẹn), àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa neck, ìyẹn ọrùn gìtá, lé ní kílò 70. Irin truss rod tó wà nínú neck ló ń fa ti ẹ̀ padà lódìkejì. Ìjà wọn ti dọ́gba, ìdí nìyẹn tí neck ẹ fi tọ́. Tó o bá gbé flatwound tó le bíi ti Jamerson yẹn lé e lójijì, neck á tẹ̀ síwájú, okùn á ga. Tó o bá gbé okùn tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé e, neck á tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn fret ìsàlẹ̀ á máa han. Bàbá, ẹ má bínú, flatwound yín dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló le. Thomastik Jazz Flats tí wọ́n ń ṣe ní Vienna, 43 sí 100, rọ̀ bí ẹ̀wù sílíìkì, owó ẹ̀ ni kò rọ̀.

Ẹ̀kẹta, bá a ṣe ń fi okùn sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá wá lóṣù tó kọjá, ó ní okùn tuntun tí òun rà ò dáa, ó kú lọ́jọ́ kan. Mo wò ó, ó ti kọ́kọ́ gé okùn kúrú kó tó wé e! Nígbà tó o bá gé okùn láì kọ́kọ́ ká a, wáyà ìta lè tú kúrò lára egungun inú, kò sí bó o ṣe lè tún un dè. Bó ṣe yẹ nìyí: na okùn kọjá ibi tí wàá wé e sí, fi nǹkan bí íńṣì mẹ́rin sílẹ̀, ká a ní igun bíi lẹ́tà L, ká a dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó gé e níwájú ibi tó o ti ká a. Ti orí ẹ̀ bọ inú ihò tó wà láàrin òpó tí wọ́n ń wé okùn mọ́ lórí gìtá, wé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ìwé kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sísàlẹ̀ èyí tó ṣáájú. Mo fi èyí tí mo gé lọ́nà tó tọ́ hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Ó kàn ń mi orí ni.


Dépọ̀Bẹ́ẹ̀sì:

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé neck ń jà nínú níbẹ̀ 😳 Bàbá ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ṣá: tí mo bá fẹ́ ohùn gbìn-ìn ti Bàbá fún jùjú, kí n sì tún ní ohùn tó mú fún slap, ṣé okùn kan lè ṣe méjèèjì? Mi ò ní gìtá méjì.


OkùnMẹ́rin:

Nickel ni kó o rà, kó o wá fi fóòmù sábẹ́ okùn níwájú bridge. Gé tìmùtìmù tó ti gbó tàbí kànìnkànìn tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ (èyí tuntun o, má gbé ti ìyàwó ẹ), kó fẹ̀ bí ìka méjì, kó ga tó tó fi máa kan okùn láì gbé e sókè. Tó bá ti fún jù, ohùn á kú, má ki í wọlé. Tí jùjú bá parí, yọ ọ́ sápò. Ó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohùn flatwound.


BàbáJùjú:

Ìdá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mo gbà, ó dáa fún ẹni tí ò ní owó.


Ará_Peckham:

Bó o bá ń rà á, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. Àbúrò mi ra okùn olórúkọ ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù kan nílé, páálí ẹ̀ dáa lójú, lẹ́tà orí ẹ̀ ló wọ́ díẹ̀, ó já ní ọjọ́ kẹta ní ibi bọ́ọ̀lù irin ìdí ẹ̀. Bí iye owó ẹ̀ bá kéré ju ti gbogbo ayé lọ, o ti mọ̀.


Dépọ̀Bẹ́ẹ̀sì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo padà wá jíyìn. Friday mo da okùn àtijọ́ yẹn sínú ike áísì kíríìmù, mo da spírítì lé e lórí. Àárọ̀ Saturday tí mo ṣí i, spírítì tó funfun bí omi ti di bíi tíì tí ò ní mílíìkì, eruku dúdú sì ti jókòó sísàlẹ̀. Ó tì mí lójú. Mo nù ún, mo fi í padà, mo fa E, háà! Kì í ṣe bíi tuntun o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀yìn ohùn, ohùn ń lọ gbọọrọ. Soundman na àtàǹpàkò sí mi lọ́jọ́ Sunday. Mo sì lọ bá oníkíbọ́ọ̀dì ní ìpamọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó fi ọwọ́ òsì sinmi nígbà orin ìyìn, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ń yọ mí lẹ́nu, ó gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára wọn já lọ́sẹ̀ kejì, okùn A, mo wá lọ ra nickel tuntun. Wọn ò ní 45 sí 105 lọ́wọ́, 45 sí 100 ni wọ́n ní, mo rà á. Fóòmù yẹn náà dáa, Bàbá ó tó ìdá márùn-ún ẹ jọ̀ọ́ 😂 ẹni tó ń lu gángan tiẹ̀ ní "báyìí ni kó o máa ta á."

Wàhálà kan ló kù. Láti bí ọjọ́ mẹ́rin báyìí, fret 1 títí dé 3 ń han zzzz lórí E àti A, pàápàá tí mo bá fi agbára fà á. Ṣé ayédèrú ni mo rà ni?


ÀǹtíOnígìtá:

Dépọ̀. Kí ni nọ́ḿbà okùn àtijọ́ yẹn?


Dépọ̀Bẹ́ẹ̀sì:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá páálí ẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí. 50 sí 105.


ÀǹtíOnígìtá:

Hmmm. Mo ní kó o wọ̀n ọ́n àbí mi ò wí? Okùn tuntun rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, truss rod wá borí, neck ẹ tẹ̀ sẹ́yìn. Ọyẹ́ tó sì ti dé yìí tún gbẹ omi ara igi, ó pawọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Okùn ẹ ò ní àléébù. Fi Allen key tó bá a mu tú truss rod díẹ̀ sápá òsì, ìdá mẹ́rin yíyí kan, kì í ṣe yíyí odidi, túnùn gìtá ẹ padà, jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kó o tó fọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá le lọ́wọ́ ẹ, fi í sílẹ̀, gbé e wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má fi púláyà fọwọ́ kàn án o, mo bẹ̀ ẹ́, méjì ló wà lórí tábìlì mi báyìí tí wọ́n fi púláyà yí, orí nọ́ọ̀tì wọn ti di róbótó.


Dépọ̀Bẹ́ẹ̀sì:

Púláyà ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ 😭 mo ti gbé e sílẹ̀. Mò ń lọ ra Allen key.